Ìwé Tí Ó Mọ́ Jù

Bí Olóyè Adéyẹyè bá ń bọ̀, bàtà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Láti ọjọ́ tí àwọn ológun ti fi í ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ìgbéga Ilẹ̀ Oko, ó ti lọ bá aránbàtà kan ní ìsàlẹ̀ gáréèjì Ọ̀rẹ̀ pé kí ó kan irin mọ́ gìgísẹ̀ gbogbo bàtà òun. Ológun ló ń ṣe ìjọba, bàtà ológun a sì máa dún. Ẹni tí kò rí aṣọ wọn wọ̀, kí ó kúkú yá ìró wọn lò.

Monílọ́lá gbọ́ ìró náà láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì, ó sì yára fi aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí eruku lójú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Monílọ́lá kì í jẹ́ kí eruku bà lé e. Ó kàn jẹ́ pé bí ènìyàn ńlá bá ń bọ̀, ọwọ́ a máa wá ohun tí yóò ṣe.

Ọdún 1997 ni. Pẹtiróòlù ti di ohun tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì, ní orílẹ̀-èdè tí ó ń wa epo nínú ilẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn tí ń jẹ ẹran tẹ́lẹ̀ ti ń pe pọ̀nmọ́ ní ẹran, wọ́n sì ń fi ìyàngàn pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọdún méjì ṣáájú, ilé ìtẹ̀wé tí Monílọ́lá ti kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú, ní Èkó, dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró títí ó fi kan òun náà. Ọ̀gá rẹ̀ kò rí owó ìdágbére fún un, ó bá ní kí ó gbé kọ̀ǹpútà kan, sikánà kan àti pírintà kan máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe padà sílé pẹ̀lú ẹrù tí ìyá rẹ̀ rò pé tẹlifíṣọ̀n ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá náà fi ń retí kí wọ́n tàn án kí òun wo eré.

Ó háyà ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: MONÍLỌ́LÁ KỌ̀ǸPÚTÀ. A Ń SỌ ÒGBÓLÓGBÒÓ DI TITUN. Gàzálì, akọ̀wé àwọn onímọ́tò, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju bẹ́ǹṣì kan lọ lábẹ́ igi máńgòrò, a máa dúró ka àkọlé náà lójoojúmọ́ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Àǹtí Moní," ni yóò wí, "bọ́ọ̀sì mi kan wà níbẹ̀ yẹn. Ìgbà wo ni n gbé e wá kí o fi sínú sikánà?"

"Tí bọ́ọ̀sì yín bá lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé, ẹ gbé e wá."

"Ó ti kù díẹ̀ kó tẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀fẹ̀ Gàzálì kò mú iṣẹ́ náà kúrò ní iṣẹ́ gidi. Sàtífíkéètì tí ikán jẹ létí, káàdì ìrìbọmi tí òjò wọ̀, fọ́tò ìgbéyàwó tí epo dà sí ojú ìyàwó: gbogbo wọn ni wọ́n ń kó wá bá Monílọ́lá. Yóò fi wọ́n sínú sikánà, yóò sọ wọ́n di ńlá lójú kọ̀ǹpútà, yóò wá máa mú àbàwọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó mọ bí a ti ń bu funfun níbi tí ìwé ti mọ́, kí a fi lẹ ibi tí ó ti bàjẹ́, bí ẹni ń lẹ ṣòkòtò, ṣùgbọ́n tí ojú kò ní rí ibi tí a lẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ìkejì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Olóyè wọlé, ó jókòó láìjẹ́ pé a fi ìjókòó lọ̀ ọ́, nítorí òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà àti gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù tí ó tẹ̀lé e. Oníbàárà àtijọ́ ni. Ní ọdún tó kọjá, Monílọ́lá ló ṣe kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà gé ikùn rẹ̀ kù sí ìdajì. Láti ìgbà náà ni Olóyè ti gbà pé kò sí ohun tí ẹ̀rọ yẹn kò lè ṣe, ó sì ti fi oúnjẹ kún oúnjẹ.

"Monílọ́lá ọmọ mi," ni ó wí, ó ṣí àpò aláwọ rẹ̀, "ìtàn ni mo gbé wá fún ọ lónìí."

Ìtàn náà jẹ́ ìwé méjì tí wọ́n so pọ̀, wọ́n le bí awọ, wọ́n dúdú bí ẹni pé wọ́n ti rì wọ́n sínú ọ̀dà inú ilẹ̀ Agbábù, ọ̀dà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ra àkàrà jẹ. Ọdún 1938 ni wọ́n tẹ ìwé náà, nígbà tí òyìnbó tó ń ṣọ́ igbó ọba gbà láti dá apá kan igbó tí ó wà láàárín Òdígbó àti Àgọ́ Aláyè padà fún àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n máa fi dáko. Láti ìgbà náà ló ti wà nínú àpótí ilé Adéyẹyè. Òrùlé jò sí i. Wọ́n to kòkó tútù lé e lórí, omi kòkó sì ro sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju ibi tí ó hàn gátagàta lọ.

"Wo ìsàlẹ̀ yẹn," ni Olóyè wí. "Ka orúkọ."

Monílọ́lá tẹ orí ba. Lẹ́tà taipuráítà mélòó kan wà níbẹ̀: Adéyẹyè. Ìyókù, dúdú ni.

"Bàbá bàbá mi nìyẹn. Òun nìkan ló bá òyìnbó jókòó lọ́jọ́ náà."

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá náà nìkan ló mọ ABD ní gbogbo àdúgbò lásìkò náà, nítorí pé ògbufọ̀ òyìnbó ni. Ẹni tó mọ̀wé ni ìwé ń mọ̀.

Olóyè ṣàlàyé ohun tó kù. Ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ní gbọ̀ngàn Òdígbó, Méjò kan nínú àwọn ológun ni yóò sì jókòó lé e. Bí ìwé bá ti fi hàn pé Adéyẹyè nìkan ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, ilẹ̀ di ti ìdílé Adéyẹyè. Ilé iṣẹ́ kan láti Èkó ti ṣe tán tí yóò gbà á fún oko ọ̀pẹ. Àwọn tí ń dáko kòkó lórí rẹ̀ láti ayé bàbá wọn yóò di alágbàṣe níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́.

"Méjò kì í ka ìwé dídọ̀tí," ni Olóyè wí. "Fọ̀ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ ẹjọ́, wàá wá fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀ pé ohun tó wà nínú ògbólógbòó ló wà nínú titun. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù yìí, a ò ní gbọ́ ọ láàárín àwa méjèèjì mọ́."

Ó yẹ kí Monílọ́lá béèrè nípa àwọn àgbẹ̀. Kò béèrè. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé afọṣọ kì í bi aṣọ léèrè ibi tí ó lọ, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí òun fúnra rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ náà, iṣẹ́ ọ̀hún sì gbà á lọ́kàn. Ó yọ omi kòkó kúrò lára ọ̀rọ̀, ó yọ ìpẹtà píìnì. Níbi tí àwọn lẹ́tà ti ṣá, ó fún wọn lókun. Ní ìsàlẹ̀ ìwé kejì, lábẹ́ orúkọ Adéyẹyè, àwọn àbàwọ́n kan wà tí wọ́n tò bí ẹ̀fọ́ lórí ebè, wọ́n rí róbótó, wọ́n dúdú, wọ́n sì ní òróró létí. Àwọn yẹn ló le jù. Ó bu funfun, ó lẹ̀ ẹ́. Ó bu òmíràn, ó tún lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó parí, ìsàlẹ̀ ìwé náà funfun nini, orúkọ kan ṣoṣo ló dúró láàárín rẹ̀ bí ọba tí ìlú ti sá fún. Monílọ́lá fẹ̀yìn tì, ó ń wò ó. Bí kì í bá ṣe pé Gàzálì wà níta, ì bá pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Olóyè wò ó, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. "Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ láàárọ̀ yìí," ni ó wí. Ó gbé titun, ó gbé ògbólógbòó náà tẹ̀ lé e, bàtà rẹ̀ sì dún títí kan òpin gáréèjì.

Ìròyìn kò gbélé. Kò pẹ́ tí àwọn ará Òdígbó gbọ́ pé wọ́n ti fọ ìwé ilẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Ìyá Ọlọ́runbùnmi, opó kan tí òun náà ní oko kòkó ní ọ̀nà Àgọ́ Aláyè, gun ọ̀kadà wá. Ó de gèlè mọ́ àgbọ̀n kí atẹ́gùn má baà gbé e. Ó sanwó fún ọlọ́kadà, ó bú u nítorí eré tí ó sá, ó wá wọlé. Èdè Ìkálẹ̀ tí ó jinlẹ̀ ló ń sọ. Monílọ́lá gbọ́ ọ. Èdè ìyá òun náà ni.

"Ìwọ ni wọ́n ní o ń fọ ìwé?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó lórí ọ̀kadà. Ṣé o ní ẹ̀dà rẹ̀? Mi ò kàwé o. Ọwọ́ àwọn bàbá wa ni kí o fi hàn mí, kí n máa padà lọ."

"Ọwọ́ wo, Màmá?"

"Ọwọ́ tí wọ́n tẹ̀."

Monílọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ti ń rẹ́rìn-ín fún àgbà tí ó ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ní kò sí ọwọ́ nínú ìwé náà, pé orúkọ kan péré ló wà níbẹ̀. Ìyá náà kò jiyàn. Ó fa bẹ́ǹṣì, ó wá jókòó báyìí.

"Èmi ni mo gbé igbá epo," ni ó wí. "Òyìnbó mú yíǹkì búlúù wá nínú agolo pẹlẹbẹ, ó ní kí wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́. Bàbá mi ní rárá. Ó ní, yíǹkì tí o gbé wá láti ìlú rẹ, wàá gbé e padà lọ sí ìlú rẹ lọ́jọ́ kan; bí a bá fi tẹ̀ka, o lè ní ọwọ́ wa ti bá ọ lọ. Wọ́n ní kí n gbé epo pupa wá, epo tí àwọn fúnra wọn fún. Wọ́n ha dúdú ìdí ìkòkò, wọ́n pò ó mọ́ ọn. Wọ́n ń ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Òyìnbó bínú, ṣùgbọ́n òòrùn ti ń mú un, ó ní kí wọ́n ṣá yára. Epo dà sí ìró mi. Ìyá mi nà mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n nà nítorí epo, ṣé ó lè gbàgbé epo?"

Monílọ́lá mú ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí orí itan ìyá náà. "Màmá, ẹ wò ó. Àbàwọ́n ló wà níbí yìí tẹ́lẹ̀. Omi kòkó ni. Mo ti yọ ọ́."

Ìyá Ọlọ́runbùnmi fi ìka tọ́ funfun náà. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"O yọ bàbá mi," ni ó wí.

Kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo.

"Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín pé omi kòkó ni." Monílọ́lá kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ń wá bí yóò ṣe dá ara rẹ̀ láre, kì í ṣe bí yóò ṣe mọ òótọ́. Ó ṣí àwòrán ìwé náà bó ṣe rí kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn róbótó náà, ó sọ ọ́ di ńlá, ó tún sọ ọ́ di ńlá sí i títí ó fi kún ojú ẹ̀rọ.

Ìlà ló wà nínú rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín, ọ̀kan nínú ọ̀kan, wọ́n ń yí po bí èyí tí à ń rí lára igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Omi kòkó kì í fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí èkejì, ìlà ni. Ó lọ sí ẹ̀kẹta. Èyí ní funfun gbọọrọ kan tí ó dábùú rẹ̀ já.

"Dúró níbẹ̀," ni Ìyá Ọlọ́runbùnmi wí. Ó ti dìde. "Àdá ló ṣe é. Ó ń la kòkó, àdá bá a ní àtàǹpàkò. Ẹ kú ilé o, Bàbá." Ó sì kúnlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Gàzálì, tí ó ti yọjú láti wá gba káàdì àwọn awakọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ìwé funfun. "Àǹtí Moní," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀gún ni wọ́n ní kí o yọ o. O gé ẹsẹ̀."

 Ojú ń ti Monílọ́lá, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò pẹ́ kí ó tó di ìbínú, ìbínú náà sì dára fún un. Ó ṣì gbàgbọ́ pé Olóyè kò mọ̀. Ènìyàn tí kò mọ̀, bí a bá sọ fún un, yóò mọ̀. Èrò ẹni tó lọ sílé ìwé nìyẹn.

Ó bá Olóyè Adéyẹyè nílé, níwájú dígí, tí ó ń kọ́ bí yóò ṣe dúró níwájú Méjò. Ó gbé ọwọ́ kan sí àyà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé e sẹ́yìn, ó dára díẹ̀.

"Àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ tí mo ṣe, sà," ni Monílọ́lá wí. "Àwọn àbàwọ́n ìsàlẹ̀ yẹn, ọwọ́ ènìyàn ni. Àwọn àgbẹ̀ tẹ̀ka síbẹ̀. Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́. Ẹ fún mi láyè kí n tún un ṣe."

Olóyè wò ó nínú dígí, kò tilẹ̀ yíjú. Ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu rẹ̀.

"Ìyẹn lo ń pè ní àṣìṣe? Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe àṣìṣe báyìí, Nàìjíríà ì bá ti gún régé."

"Ògbólógbòó ìwé náà dà, sà? Ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

"Mo ti fi dáná. Ẹni tó ti rí aṣọ titun, kí ló ń fi àkísà ṣe?" Ó yíjú báyìí. "Gbọ́, ọmọ mi. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ, pa á rẹ́. Lọ́jọ́ ẹjọ́, wá fọwọ́ sí èyí tó mọ́. Bí o kò bá fẹ́, ìlà ṣọ́ọ̀bù mi gùn, àwọn tí ń wá ṣọ́ọ̀bù pọ̀. Ológun ló ń ṣèjọba. Wọn kì í bẹ ènìyàn, èmi ni mo ń bá wọn bẹ̀ ọ́."

Monílọ́lá fi ẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù kí ó lè rí àyè ronú. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni òun àti ìyá rẹ̀ ń jẹ. Kò sí ẹlòmíràn ní Ọ̀rẹ̀ tí yóò fún un ní ààyè bí Olóyè bá ti ní kí wọ́n má fún un. Bí ó bá fọwọ́ sí ìwé náà, kò sí ẹni tí yóò mú un: àwọn bàbá ti kú, ìwé ti jóná, ìyá tó gbé igbá epo kò kàwé. Kò sí ibi tí àwọn ọwọ́ yẹn ṣẹ́kù sí láyé mọ́ àfi inú kọ̀ǹpútà òun. Ó rò ó bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé gáréèjì, ó sì rí i pé gbogbo ìdí tí ó ní láti fọwọ́ sí i kò mú kí ó fẹ́ fọwọ́ sí i rárá. Ó pe Gàzálì.

"Epo jẹnẹrétọ̀ mi ti tán."

"Ti gbogbo Nàìjíríà ló tán."

"Màá tún ìwé yẹn ṣe, Gàzálì. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun gbogbo ni màá yọ, àfi ọwọ́."

Gàzálì họrí. Ó lọ bá àwọn awakọ̀ rẹ̀, wọ́n fa epo díẹ̀ nínú táǹkì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Díráífà kan kọ̀, ó ní kí ni ọ̀rọ̀ kòkó kan òun onímọ́tò. Gàzálì bi í bóyá ó mọ ẹni tí yóò gba ilẹ̀ gáréèjì lọ́la, bí ìwé bá ti ṣeé fọ̀ báyìí. Ọkùnrin náà fa tirẹ̀, ó sì fa jù bó ti yẹ lọ.

Iṣẹ́ náà le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti pa nǹkan rẹ́ rọrùn; kí a yan ohun tí a ó pa rẹ́ ni iṣẹ́. Omi kòkó ti gorí àwọn ọwọ́ náà, ó ti wọ inú ìlà wọn. Monílọ́lá rántí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ní Ṣómólú, pé àwọ̀ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, a sì lè wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó wo búlúù: gbogbo rẹ̀ ṣú. Ó wo àwọ̀ ewé: ó ṣú díẹ̀. Ó wo pupa. Nínú pupa, omi kòkó ṣá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ṣùgbọ́n dúdú ìdí ìkòkò kì í bá àwọ̀ kankan lọ. Ó dúró. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ńlá, ọwọ́ kékeré, ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, ọwọ́ ẹni tí ìka rẹ̀ gbọ̀n. Monílọ́lá kò pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò ráyè.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Gbọ̀ngàn Òdígbó kún dé ojú fèrèsé. Àwọn àgbẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ ìsìn wọn, nítorí pé bí ilẹ̀ ẹni yóò bá lọ, kí ó bá aṣọ rere lára ẹni. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ Èkó jókòó níwájú, ó tẹ́ máàpù sí itan. Méjò jẹ́ ọmọ apá Ọ̀yọ́, ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Ìkálẹ̀ a máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ bí atẹ́gùn.

Olóyè dìde, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí dígí ti kọ́ ọ. Ó ti fi ìwé náà sínú férémù oníwúrà. Ó sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé sánmọ̀, ó dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀ títí àwọn ọmọdé tí ń bẹ lójú fèrèsé fi mọ̀ ọ́n kà lórí. Lẹ́yìn náà ni Méjò pe ẹni tó tún ìwé ṣe.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"Iṣẹ́ dára. Fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé bí ti àtijọ́ ti rí nìyí, kí a máa bá ẹjọ́ lọ."

Wọ́n na bírò sí i. Monílọ́lá kò gbà á.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i, sà."

"Kí ló dé?"

"Ó mọ́ jù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Méjò gbójú sókè, ẹ̀rín náà sì wọlẹ̀.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, sà," ni Monílọ́lá wí.  "Mo fẹ́ràn kí nǹkan funfun. Ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ọwọ́ àwọn bàbá àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló kún ibẹ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo nù wọ́n kúrò. Mo lọ sọ fún Olóyè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn fẹ́ ẹ, wọ́n sì sun èyí tó jẹ́ ojúlówó. Bó ṣe rí gan-an nìyí." Ó tẹ́ ìwé tirẹ̀ sí iwájú Méjò. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, kò lẹ́wà, àwọn àtàǹpàkò dúdú sì tò sórí rẹ̀ láti etí dé etí.

"Ìdọ̀tí ni, Méjò," ni Olóyè wí. "Ẹ wo ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi dájọ́."

Ìyá Ọlọ́runbùnmi sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó jókòó sí. Méjò ní kí wọ́n tún un sọ fún òun, nítorí òun kò gbọ́ ọ.

"Ó ní ìdọ̀tí náà ló bí òun," ni Monílọ́lá wí.

 Méjò wo ìwé méjèèjì. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó mọ èyí tí ó rọrùn.

"Ọmọbìnrin, ṣé o mọ̀ pé ìjọba lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Bí mo bá pàṣẹ pé kí o fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Èyí tó ní ọwọ́ ni màá fọwọ́ sí. Bírò dà?" Ó mú bírò náà, ó fọwọ́ sí ìwé eléérú, ó kọ orúkọ rẹ̀ gbòòrò sí abẹ́ àwọn àtàǹpàkò. Ó wá gbé férémù oníwúrà náà síwájú Méjò, ó fi bírò lé e. "Èyí tó mọ́ yìí, ẹ bá wa fọwọ́ sí i fúnra yín, sà, bó bá dá yín lójú."

Ológun a máa bẹ̀rù ohun díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ìwé tí ó bá fọwọ́ sí, tí kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́ láti ṣàlàyé. Wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn kúrò níbi kan lọ síbòmíràn. Ìwé kì í bá wọn lọ. Méjò fi ìka ti bírò náà kúrò níwájú rẹ̀. Olóyè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ sí i. Méjò ní olùpẹ̀jọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìwé méjèèjì sínú fáìlì, pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gé igi kan lórí ilẹ̀ náà títí òun yóò fi padà wá. Kò dárúkọ ọjọ́ tí òun yóò padà wá. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ Èkó ká máàpù rẹ̀, ó ń ṣọ́ra kí ó má baà rún un, bí ẹni tí ó fẹ́ lò ó níbòmíràn.

Inú àwọn àgbẹ̀ kò dùn dé ibi kan. Wọn kò jàre, wọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní oko, ọ̀la sì jẹ́ ọjọ́ oko.

Olóyè Adéyẹyè gba àárín èrò kọjá wá bá Monílọ́lá. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà jẹ́ alámọ̀, bàtà rẹ̀ kò dún.

"Kí ilẹ̀ tó ṣú," ni ó wí, "wàá rí ẹrù rẹ láàárín títì Ọ̀rẹ̀. Màá jẹ́ kí o mọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù."

"Kò sí ẹrù mọ́ níbẹ̀, sà. Bọ́ọ̀sì Gàzálì ló kó o láàárọ̀ kí n tó wá síbí. Inú yàrá kòkó Màmá yìí ni mo gbé e sí." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù láti inú àpò rẹ̀, ó nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé. "Mo gbá a kí n tó jáde, sà. Mi ò fi ìdọ̀tí kankan sílẹ̀ fún yín."

Olóyè kò na ọwọ́. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ohun tí ó lè kó ìdọ̀tí bá a lọ́wọ́. Lẹ́yìn Monílọ́lá, àwọn ènìyàn ti ń tò. Èyí tó wà níwájú ń bi Ìyá Ọlọ́runbùnmi léèrè bóyá òótọ́ ni pé ọmọbìnrin yìí lè yọ ọwọ́ bàbá òun nìkan jáde sí ìwé ńlá, kí òun gbé e kọ́ sára ògiri.